Ìtọ̀ ń jóni lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ próstéètì: ṣé àkóràn ni, ṣé agbo lè ṣe é?

ỌmọlójúBàbá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Bàbá ẹni ọdún 69 ni. Wọ́n la ìsàlẹ̀ ikùn wọn láti yọ próstéètì tó wú, ó pé ọjọ́ 24 lónìí. Kátítà (rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde) wà lára wọn fún ọjọ́ 9 kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìtọ̀ ń ya dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ó ń jó wọn bó bá ń parí lọ, ó rí bí omi ògì, ó sì ń rùn. Lálẹ́ àná ara wọn gbóná, wọ́n ní ibà ni. Láàbù kan lẹ́bàá ilé ti páálí àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ pé: leukocytes +++, nitrite negative, blood ++. Kẹ́míìsì ti fún wọn ní cipro 500, oògùn apakòkòrò. Àwọn ẹbí ti ra agbo onígo lítà kan tí wọ́n ń pè ní agbo àpò ìtọ̀, pẹ̀lú òmíràn tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, amlodipine ni wọ́n ń lò sí i. Èwo ni kí wọ́n mu nínú gbogbo èyí? Ṣé wọ́n lè pa á pọ̀?

Nọ́ọ̀sìWọ́ọ̀dùỌkùnrin

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí kò gba àríyànjiyàn kúrò nílẹ̀. Ẹ fi tẹmomítà sí wọn lábíyá, ẹ má fi ẹ̀yìn ọwọ́ díwọ̀n. Bó bá tó 38 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ń gbọ̀n, bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lábẹ́ ìhà bá ń dùn wọ́n, bí kórópọ̀n kan bá wú tó sì gbóná, bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá ṣàdédé ń dàrú, tàbí bí ìtọ̀ ò bá jáde mọ́, ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kí ẹ gbé wọn lọ lóru òní. Ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni níbí. Àkóràn ìtọ̀ tó bá ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ lè gba ẹ̀mí àgbàlagbà láàrin ọjọ́ kan.

Ní ti ibà: kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìtọ̀ ni ibà. Oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé mì lásán, ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ni kòkòrò á fi gun òkè lọ sí kíndìnrín. Àyẹ̀wò ibà onípáálí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ ṣe é. Bí kò bá sí ibà, ìtọ̀ ni kí ẹ dojú kọ.

Ọwọ́Abẹ

Nọ́ọ̀sì ti la ọ̀nà. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí páálí àyẹ̀wò yẹn, torí òun ló ń mú kí wọ́n da oògùn bo ẹni tí kò ní àkóràn rárá.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe yìí dà bí ìgbà téèyàn ti ìka bọ inú ọsàn, tó yọ gbogbo ẹran inú rẹ̀, tó wá fi èèpo sílẹ̀. Inú èèpo yẹn ni ojú egbò. Orí egbò yìí ni ìtọ̀ ń gbà kọjá tọ̀sán tòru, kò sì sí báńdéèjì tí a lè fi dì í. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kí awọ tuntun tó bò ó tán. Kó tó dìgbà náà, ìtọ̀ á máa jó díẹ̀, á sì máa gbọ̀n ẹni léraléra. Láàrin ọjọ́ kẹwàá sí ọ̀sẹ̀ kẹta, èépá egbò á ṣí, ẹ̀jẹ̀ lè tún yọ nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì kó tó mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí páálí ń pè ní leukocytes lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìsí kòkòrò kankan. Nítorí náà, leukocytes +++ lọ́jọ́ 24 ò sọ ju pé egbò wà, a sì ti mọ̀ pé egbò wà.

Nitrite ni èròjà tí àwọn kòkòrò kan ń ṣe jáde sínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n nitrite negative náà kò sọ pé kòkòrò ò sí. Enterococcus, tó wọ́pọ̀ lára ẹni tó ti gbé kátítà rí, kì í ṣe nitrite jáde rárá. Èyí tó sì ń ṣe é gan-an, ìtọ̀ gbọ́dọ̀ ti pẹ́ tó bíi wákàtí mẹ́rin nínú àpò ìtọ̀ kó tó hàn. Ẹni tí ìtọ̀ ń lé jáde ní wákàtí wákàtí, páálí lè má rí nǹkan kan lára tirẹ̀.

Ohun tó mú mi fura sí àkóràn ni ara gbígbóná, pẹ̀lú bí ìtọ̀ ṣe dàrú. Òórùn nìkan kò tó ẹ̀rí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MCS ni kí ẹ ṣe, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìtọ̀ tí wọ́n sì ń dán oògùn wò lára kòkòrò tó bá hù, kí oògùn míì tó wọlé.

ỌmọlójúBàbá

Ẹ ṣeun gan-an. 37.6 ni tẹmomítà sọ báyìí. Àyẹ̀wò ibà ní kò sí. Wọn ò gbọ̀n, ẹ̀yìn ò dùn wọ́n. Àmọ́ wọ́n ti lo cipro méjì, ọ̀kan lánàá, ọ̀kan láàárọ̀ yìí, Milo oníwàrà ni wọ́n fi gbé e mì. Ṣé MCS yẹn ṣì wúlò?

Aláàbù

Ó wúlò. Ẹ ṣáà kọ orúkọ oògùn àti iye tí wọ́n ti lò sórí fọ́ọ̀mù. Kòkòrò tí cipro bá ràn lè má hù mọ́. Èyí tí cipro ò ràn á hù, òun gan-an la sì ń wá.

Bí wọn ó ṣe gbà á rèé. Ẹ lọ gba igo àyẹ̀wò tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí. Igo omi tí ẹ fọ̀ nílé ò ṣeé lò, kòkòrò inú rẹ̀ á hù mọ́ tiwọn. Kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n fi ọṣẹ lásán àti omi fọ orí okó, kí wọ́n sì ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá, torí ọṣẹ tó bá kán sínú igo lè pa ohun tí à ń wá. Kí wọ́n tọ ti àkọ́kọ́ dànù, kí wọ́n má sì dá ìtọ̀ náà dúró, kí wọ́n ti igo sábẹ́ rẹ̀ gba ti àárín, bíi 20 ml, kí wọ́n wá tọ ìyókù dànù. Ìka kò gbọdọ̀ kan inú igo tàbí inú ìdérí. Ẹ kọ aago sí i lára.

Kó dé láàbù kí wákàtí méjì tó pé. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe fírísà, kó má sì ju wákàtí 24 lọ. Ìtọ̀ tó jókòó sínú mọ́tò nínú oòrùn, kòkòrò inú rẹ̀ á ti máa di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mẹ́wàá tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó tó di ọ̀sán, irọ́ ni èsì tó bá ti ibẹ̀ jáde.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni èsì ń gbà. Ẹni tó bá fún yín ní èsì MCS lọ́jọ́ kan náà kò gbin nǹkan kan. Bí wọ́n bá kọ "mixed growth", ìyẹn oríṣi kòkòrò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ara ló ti kó wọ igo. Ẹ tún un gbà, ẹ má ra oògùn sí i.

Apòògùn

Milo oníwàrà yẹn ni mo fẹ́ dúró lé. Kálísíọ́mù inú wàrà máa ń so mọ́ cipro nínú ikùn, púpọ̀ nínú oògùn á sì bá ìgbẹ́ lọ. Wàrà, yógọ́ọ̀tì, oògùn olómi funfun tí à ń mu sí àyà títa, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, zinc: kí cipro ṣáájú wọn ní wákàtí méjì, tàbí kó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Omi lásán ni kí wọ́n fi mu ún.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò yẹ kó jẹ́ kẹ́míìsì ló ń yan cipro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ibùsùn abẹ. Kòkòrò inú ìtọ̀ tó ti gbọ́njú mọ cipro pọ̀ jọjọ nílùú wa, torí òun là ń lò sí inú rírun, sí taifọ́ọ̀dù, sí gbogbo nǹkan. Fún ẹni tó ti lé ní 60 ọdún, ó tún lè já iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Bí ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n sì pe dókítà.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ creatinine, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, pọ̀ mọ́ MCS náà. Kíndìnrín tí próstéètì ti há ìtọ̀ mọ́ fún ọdún pípẹ́ lè ti rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Òun ló ń sọ bóyá wọ́n lè lo apakòkòrò nitrofurantoin, òun ló sì ń sọ bóyá abẹ́rẹ́ gentamicin á ṣe é tàbí á ba kíndìnrín àti etí jẹ́. Ẹ tún bi dókítà nípa G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò pé, ó sì wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọkùnrin wa, nitrofurantoin tàbí Septrin lè máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni ní ibà pọ́njú, ìtọ̀ á dúdú bíi kóòkì. Amlodipine ò ní ìjà pẹ̀lú Septrin. Bó bá ṣe lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ni wọ́n ń lò, Septrin á gbé potasíọ́mù wọn sókè, ìyẹn sì léwu fún ọkàn.

Iye ọjọ́: ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021 fi hàn pé fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò gbóná, ọjọ́ 7 tó bákan náà bí ọjọ́ 14. Bí ara bá gbóná, ọjọ́ 14 ni à ń sún mọ́. Ọjọ́ 3 tí wọ́n ń fún obìnrin kò tó ọkùnrin.

EwéŃjẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aláṣọ funfun. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti agbo, torí iṣẹ́ tiwa nìyẹn, n kò sì fẹ́ kí aláìmọ̀ bà á jẹ́.

Àìsàn mẹ́ta ni àwọn èèyàn wa ń sọ ní orúkọ kan. Àtọ̀sí ni èyí tí wọ́n ń kó níbi ìbálòpọ̀, ọyún ló ń jáde lójú okó. Àtọ̀sí ajá ni ti kòkòrò inú odò, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn ìtọ̀. Àkóràn ẹ̀yìn kátítà kò sí nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ igo tí wọ́n lẹ "àpò ìtọ̀" mọ́, agbo àtọ̀sí ni wọ́n sè sínú rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í gbé e fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn rẹ̀.

Ẹ bi alágbo ní ohun tó wà nínú igo, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá dárúkọ akogun (àwọn mìíràn ń pè é ní akọ igún), ẹ dà á nù. Bó bá dárúkọ asofẹ́yẹjẹ, ẹ rántí pé ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Bàbá tó ti lo amlodipine tó tún mu ún lè dìde lóru lọ tọ̀ kí òòyì gbé e ṣubú. Bí kánún bá wà níbẹ̀, iyọ̀ ni kánún, kò sì bá ẹ̀jẹ̀ ríru mu. Eléyìí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹ má tiẹ̀ ṣí i. Ọtí á ta ojú egbò, á sì fa omi ara jáde.

Agbo jẹ̀díjẹ̀dí náà wà lára ohun tí wọn kò gbọdọ̀ mu ní àkókò yìí. Ó ń gbọn inú, omi ara á gbẹ, ìtọ̀ á ki. Bí ìgbẹ́ bá le, ìbẹ́pẹ, ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti omi ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fún ikùn, egbò á ṣẹ̀jẹ̀.

Ewé tí kò burú wà. Irun àgbàdo wà, ẹ̀yìn olobe wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń mú ìtọ̀ ya. Omi mímu náà ń ṣe é. Èmi kì í fún ẹni tó wà lórí oògùn dókítà ní ewé títí oògùn náà á fi tán, nítorí bí nǹkan bá yí padà, a ò ní mọ èyí tó fà á.

AláàyúTútù

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ẹ má fi ewé ṣeré. Aáyù, ata ilẹ̀ àti oyin: wọ́n ti dán an wò ní yunifásítì, ó pa E. coli. Kí wọ́n gún aáyù orí mẹ́ta mọ́ ata ilẹ̀, kí wọ́n máa lá ṣíbí kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Kí ló burú níbẹ̀?

Aláàbù

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé ó pa á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti pa á. A ń da kòkòrò sórí àwo, a ń dá ihò kékeré sí i, a ń kán omi aáyù tó ki sínú ihò náà, a sì ń wọn bí ibi tí kòkòrò ò hù ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó kan kòkòrò nínú àwo jẹ́ ojúlówó omi aáyù. Èyí tí bàbá bá lá, ikùn á lọ̀ ọ́, ẹ̀dọ̀ á pín in, ìwọ̀nba tó bá kù ló ń dé inú ìtọ̀. Ọtí kíkan pàápàá ń pa E. coli nínú àwo.

Ọwọ́Abẹ

Ohun tó sì burú níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n AláàyúTútù, ni pé aáyù àti ata ilẹ̀ ní ìwọ̀n oògùn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, a máa ń ní kí aláìsàn fi aáyù oníwọ̀n oògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 ṣáájú abẹ. Bàbá yìí wà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, èépá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tán ni. Ìdì ẹ̀jẹ̀ kan tó tó èékánná ọwọ́ lè dí ọ̀nà ìtọ̀ pa, a ó sì tún fi kátítà sí wọn lára. Èyí tó wà nínú ọbẹ̀ kò ní wàhálà.

AláàyúTútù

Ó yé mi. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ni n kò rò dé.

Apòògùn

EwéŃjẹ́, ẹ ṣeun fún akogun tí ẹ dárúkọ. Aristolochia ni orúkọ ẹbí rẹ̀ lágbàáyé. Èròjà kan wà nínú rẹ̀, aristolochic acid, tó ń pa kíndìnrín díẹ̀díẹ̀ tó sì ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀. Ní Belgium ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ obìnrin tó lo oògùn ìfọnra tí ewé ẹbí yìí wà nínú rẹ̀ pàdánù kíndìnrín wọn. Kì í dùn, kì í ta, kì í rùn. Ìgbà tí creatinine bá gòkè la ń mọ̀.

Ní ti NAFDAC ara igo: bí nọ́ńbà náà bá ní lẹ́tà L ní ìparí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń wo àìsàn tó ní òun ń wò. Ẹ wo ara páálí náà dáadáa, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè òyìnbó pé NAFDAC kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí olóògùn ń sọ. Agbo inú jálá tí kò ní nọ́ńbà rárá tún wá yàtọ̀. Èyí tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ike, kòkòrò ìgbẹ́ lè ti máa hù nínú òun fúnra rẹ̀.

Fún àwọn tó fẹ́ béèrè saw palmetto, oògùn ewé tí wọ́n ń tà fún próstéètì: ìwádìí ńlá méjì ní Amẹ́ríkà, ti 2006 àti ti 2011, fi hàn pé kò sàn ju oògùn òfìfo lọ fún próstéètì tó wú, kódà nígbà tí wọ́n gbé e dé 960 mg lójúmọ́. Pygeum, èèpo igi Prunus africana tó ń hù lórí òkè Kamẹrúùnù, wọ́n ń tà á ní kápúsù fún ìtọ̀ tí kò ya dáadáa. Kò sí èyí tó jẹ́ apakòkòrò nínú méjèèjì. Bí wọ́n bá sì ti yọ ẹran próstéètì náà, kí lẹ tún fẹ́ kó wò?

Ẹ̀yìnỌlá

Ẹ jọ̀ọ́, ti bàbá tiwa, kátítà ṣì wà lára. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàbù rí kòkòrò Klebsiella nínú ìtọ̀ àpò, ara ò gbóná, inú ò dùn wọ́n. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ oògùn?

Nọ́ọ̀sìWọ́ọ̀dùỌkùnrin

Rárá. Ìdí méjì ni.

Àkọ́kọ́, ìtọ̀ inú àpò kì í ṣe ìtọ̀ inú ara. Ó ti jókòó nínú ooru fún wákàtí púpọ̀. Bí a bá fẹ́ àyẹ̀wò lára ẹni tí kátítà rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, a ń yọ ọ̀kan yẹn, a ń fi tuntun sí i, ìtọ̀ tó bá ti inú tuntun jáde la ń mú lọ.

Èkejì, kátítà kì í ṣe ara. Lójoojúmọ́ tó bá wà níbẹ̀, ó tó èèyàn mẹ́ta sí méje nínú ọgọ́rùn-ún tí kòkòrò á wọ ìtọ̀ wọn, nígbà tó bá fi máa tó oṣù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Kòkòrò náà ń hun ohun kan bí ìyọ̀ ilá sí inú rọ́bà, á sá pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀, oògùn ò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, agbo ò ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fún ẹni tí kò ní àmì àìsàn ní oògùn, àwọn tí oògùn ràn á kú, àwọn olórí kunkun á kù, àwọn ni yóò sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àkóràn gidi bá dé. Ìgbà kan tí a kì í fojú fo kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n bá fẹ́ tún ṣe iṣẹ́ abẹ inú ọ̀nà ìtọ̀ fún wọn.

Ìtọ́jú kátítà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbájú mọ́:

Ọṣẹ àti omi lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ níbi tí rọ́bà ti wọ ara. Kì í ṣe Dettol, kì í ṣe Izal, kì í ṣe ìyẹ̀fun ampicillin tí wọ́n tú nínú kápúsù. Ẹ nù ún láti ojú okó lọ sísàlẹ̀ rọ́bà, ẹ má nù ún padà wá sókè.

Àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ máa wà nísàlẹ̀ ju ìdí lọ nígbà gbogbo, kó má sì kan ilẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé bí bàbá bá fẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n á gbé àpò náà lé e lẹ́sẹ̀ tàbí lé àyà. Ìtọ̀ tó ti bàjẹ́ á ṣàn padà sínú. Ẹ tú u dànù bó bá ti fẹ́ kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ ìtúdànù rẹ̀ kan ife tí ẹ fi gbà á. Ẹ má máa yọ rọ́bà kúrò lára àpò kí ẹ tún máa fi í padà. Gbogbo ìgbà tí ibẹ̀ bá ṣí ni ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ fi pílásítà lẹ rọ́bà mọ́ itan kó má máa fà.

Bí ẹ bá ń rí ohun bí iyanrìn tàbí ẹfun lẹ́nu rọ́bà tó sì ń dí ní gbogbo ìgbà, ẹ sọ fún dókítà. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Proteus ló sábà ń fà á. Ó ń sọ ìtọ̀ di bí omi eérú, iyọ̀ inú ìtọ̀ á wá dì mọ́ rọ́bà bí òkúta. Ẹ má fi sírínjì gbá a wọlé fúnra yín.

Kátítà rọ́bà lásán kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ, ti sílíkónì lè tó ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ béèrè èyí tó wà lára bàbá. Kí ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ fi omi aláìlẹ́gbin kún bàlúù inú rẹ̀, kó má fi omi dírípù oníyọ̀ kún un. Iyọ̀ lè gbẹ kó dí ihò tóóró yẹn, bàlúù á sì kọ̀ láti sọ̀ nígbà yíyọ.

Ẹ sì máa béèrè lójoojúmọ́ pé: ìgbà wo ni wọn ó yọ ọ́?

ÈkóDéPeckham

Lọ́dọ̀ wa ní London, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fún ẹni tó bá gbé kátítà relé ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, oríṣi rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, iye omi inú bàlúù àti ọjọ́ tí wọn ó yọ ọ́ sí. Ẹ lè fi ìwé kékeré ṣe tiyín nílé. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi agbo ránṣẹ́ sí àwọn bàbá níbí, Aristolochia tí Apòògùn dárúkọ, wọ́n ti fòfin dè é ní Britain.

ỌmọlójúBàbá

Èsì ti dé. E. coli, ó lé ní 100,000 nínú ml kan. Ciprofloxacin R, co-trimoxazole (Septrin) R, amoxicillin-clavulanate I, nitrofurantoin S, gentamicin S, meropenem S (R: kò ràn kòkòrò náà; I: agbedeméjì; S: ó ràn án). Creatinine dára, eGFR (ìwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín) 64. G6PD pé. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ti rí wọn, ara kò gbóná mọ́, kórópọ̀n kò wú. Wọ́n dá cipro dúró, wọ́n kọ nitrofurantoin 100 mg oníyọ́díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, wọ́n sì ní kí a lọ ya síkáànù. Alágbo jẹ́wọ́ pé akogun àti kánún wà nínú onígo lítà yẹn. A ti dà á nù.

Apòògùn

Ó dára bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú oúnjẹ ni kí wọ́n máa lò ó, kò ní bì wọ́n. Ìtọ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kó ní àwọ̀ bíi tíì, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ìtọ̀ bá ní kíkan, kánún sì ń pa kíkan náà; ìdí mìíràn tí kánún kò fi gbọdọ̀ sún mọ́ ọn nìyẹn. Magnesium trisilicate, oògùn olómi funfun tí à ń mu sí àyà títa, kì í jẹ́ kó wọ ara. Ẹ mọ ààlà rẹ̀ o: inú ìtọ̀ ló ti lágbára, kì í wọ inú ẹran próstéètì tó kù tàbí inú ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Bí ara bá tún gbóná sí 38, oògùn náà ò tó mọ́, ẹ padà lọ.

Ọwọ́Abẹ

Síkáànù yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má fo ó. Kí wọ́n ya á nígbà tí àpò ìtọ̀ kún, kí wọ́n tọ̀ tán, kí wọ́n tún un yà láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìtọ̀ tó ṣẹ́ kù la fẹ́ mọ̀. Bí kò bá tó 50 ml, ó dára. Bó bá lé ní 100 sí 150, omi adágún ni, kòkòrò á sì máa padà wá síbẹ̀ bí ó ti wù kí oògùn dára tó. Nígbà náà la ó wá ohun tó ń dá a dúró: ọrùn àpò ìtọ̀ tó ń sún kì, ojú ọ̀nà tí àpá kátítà ti mú há, òkúta inú àpò ìtọ̀, tàbí ẹran tó ṣẹ́ kù. Bí ìtọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín bí òwú, tàbí tó ń ya sọ́tùn-ún sósì bí omi tó gba ẹnu ike tó fọ́, láàrin oṣù díẹ̀ sí i, ẹ má dúró de àkóràn kejì kí ẹ tó wá.

Omi: 1.5 sí 2 lítà lójúmọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣáájú aago méje alẹ́ kí wọ́n lè sùn. Kí wọ́n má gbé garawa omi títí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ yẹ ṣúgà wọn wò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, bí wọ́n tilẹ̀ ní kò sí.

ỌmọlójúBàbá

Ṣé ká tún ìtọ̀ yẹ̀ wò bí oògùn bá parí?

Aláàbù

Bí ìtọ̀ kò bá jó mọ́ tí ara kò gbóná, kò pọn dandan. Bí àmì bá padà, kí wọ́n gba MCS tuntun, ẹ má lo èsì àtijọ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi páálí lásán wò ó kó wá ta oògùn fún yín. Leukocytes ṣì máa wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù méjì sí i.